Gẹ̀ẹ́sì ló dá mi dúró látọdún 2023, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ_Ìṣirò
Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á torí ó máa gùn díẹ̀. Maths mi A1, Physics B3, Chemistry C4, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ò jẹ́ n gbádùn. WAEC 2023 D7, NECO 2024 E8, mo tún lọ ṣe GCE, D7 náà ló tún gbé wá bíi gbèsè. Mechanical Engineering ni mo fẹ́ kà. JAMB kì í ṣe ìṣòro mi, mo gba 238 lẹ́ẹ̀kan, yunifásítì ní kí n mú credit Gẹ̀ẹ́sì wá, níbo ni n ó ti rí i? Àwọn tá a jọ wọ ṣòkòtò péńpé ní JSS1 ti wà ní 300 level. Màmá mi ń ta ata, wọn kì í tiẹ̀ bèèrè nǹkan kan mọ́, wọ́n kàn máa ń tọ́jú owó fọ́ọ̀mù sínú agolo mílíìkì, bó bá ti tó àsìkò wọ́n á gbé e fún mi láìsọ̀rọ̀, ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Mo máa ń kàwé o. Mo ti há synonym sórí bí ẹni há oríkì, àmọ́ tí mo bá ti jókòó nínú hall tí mo ṣí passage, ṣe ló máa ń dà bíi pé èdè ibòmíì ni. Ẹnì kan ní kí n wá sí centre kan pé wọ́n á kọ ìdáhùn sójú bọ́ọ̀dù. Ẹlòmíì ní poly ò bèèrè Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Èwo ni kí n ṣe?

Bàbá_Ìbejì
Má débẹ̀ o, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ sírú ẹ̀, wọ́n sanwó tán, wọ́n kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù lóòótọ́, nígbà tí result jáde wọ́n ti dá ti gbogbo wọn dúró. Títí dòní wọn ò tíì rí i gbà.

Ìyá_Tísà
Àbúrò, kọ́kọ́ gbé dictionary yẹn sílẹ̀ ná. Ó di ọdún kẹrìnlá tí mo ti ń kọ́ àwọn SS3 ní Gẹ̀ẹ́sì, mi ò tíì rí ẹni tí synonym gbà là. Yorùbá lẹ fi ń ronú, Gẹ̀ẹ́sì lẹ fi ń kọ ọ́, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ọmọ kan kọ ọ́ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé "My father, they said they will beat me." Mo bi í pé bàbá ẹ, àwọn mélòó ni? Ó ní ṣé kí òun máa wá pe bàbá òun ní "he" bí ẹgbẹ́ òun ni 😂 Ẹ̀kọ́ ilé ló gba máàkì lọ́wọ́ ẹ̀! Òmíì á kọ "I heard the smell of the soup", torí àwa máa ń gbọ́ òórùn, imú òyìnbó kì í gbọ́ nǹkan kan. Ẹlòmíì á pe màmá ẹ̀ ní "he" lókè, á tún pè é ní "she" nísàlẹ̀, torí "ó" tiwa ò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sóbìnrin. Ra ìwé kékeré kan, irú àṣìṣe tó bá jẹ́ tìẹ gan-an ni kó o máa kọ sínú ẹ̀, wàá rí i pé ìwọ̀nba ni wọ́n, àwọn kan náà ló kàn ń padà wá.

Ìwọ tó o fẹ́ràn ìṣirò, ṣírò èyí. Ní WAEC, objective 40, oral 30, theory 100. Nínú 100 yẹn, essay 50, summary 30, comprehension 20. Essay 50 náà, content 10, organization 10, expression 20, mechanical accuracy 10, ìyẹn spelling àti àmì àti gírámà. Content àti organization yẹn ò gba Gẹ̀ẹ́sì ńlá rárá. Tó bá jẹ́ létà formal, àdírẹ́sì méjì, àkòrí, Yours faithfully, sign, orúkọ, kókó kan sí paragraph kan, kó má dín ní 450 words. Má kọ "u" àti "bcos" ti WhatsApp síbẹ̀.

Summary ló ń pa yín jù. Tí wọ́n bá ní gbólóhùn mẹ́ta, mẹ́ta tó pé ni, kì í ṣe ìlàjì, ẹ má sì gbé ọ̀rọ̀ inú passage bó ṣe wà. Sọ ọ́ fún àbúrò ẹ ní Yorùbá ná, pa passage dé, kó o tó wá kọ ohun tó o sọ.

Oral 30 ju comprehension lọ, kò sẹ́ni tó ń kà á! Ohùn làwa fi ń dá ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ mọ̀, òyìnbó ń tẹ ìró kan mọ́lẹ̀ ju ìkejì lọ ni: REcord tá a gbé pamọ́, reCORD tá à ń ṣe. "Ship" àti "sheep" sì rèé, bákan náà lo ń pe méjèèjì, mo mọ̀.

Workshop_Boy
Ti poly yẹn, òótọ́ wà níbẹ̀ díẹ̀. Nínú ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní October 2025, credit mẹ́rin ni ND, ìyẹn ìpele àkọ́kọ́ ní poly, Maths ló jẹ́ dandan fáwọn tó ń ṣe nǹkan tó jẹ mọ́ science, Gẹ̀ẹ́sì fáwọn yòókù. Àmọ́ tó o bá fẹ́ ṣe HND tó tẹ̀ lé e, Gẹ̀ẹ́sì ń dúró dè ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, yunifásítì ní tiwọn ò yọ ọ́ fẹ́nikẹ́ni. Tèmi ni pé kó o gba ND, kó o máa ṣe GCE lọ níbẹ̀. Kó o tó sanwó fọ́ọ̀mù, bi poly tó o fẹ́ lọ gan-an léèrè o, torí wọ́n lè ní tiwọn.

Ìyá_Tísà
Kò burú, àmọ́ má lọ gbàgbé GCE yẹn tó o bá ti wọ workshop. Sitting méjì, ìyẹn èsì ìdánwò ẹ̀ẹ̀mejì, ni wọ́n máa ń gbà pọ̀, WAEC 2023 ẹ wà níbẹ̀, ẹyọ kan péré ló kù. D7 kejì àti E8 yẹn, jù wọ́n sẹ́yìn.

Ọmọ_Ìṣirò
Ẹ ṣeun gan-an mà. Mo lọ wo létà tí mo kọ fún lesson lọ́jọ́ Sátidé, "they" mẹ́fà ló wà níbẹ̀, gbogbo ẹ̀ bàbá mi ni 🙈

Ìyá_Tísà
Tún un kọ lálẹ́ yìí, kó o ya fọ́tò ẹ̀ síbí. Mi ò tíì sùn.