Wọ́n jí fóònù mi lẹ́nu ìrìn-àjò: ṣé kí wọ́n fi àlòkù mi ránṣẹ́ ni, àbí kí n ra òmíràn níbí?

Ìbéèrè
Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín o. Ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn ni wọ́n yọ fóònù mi lápò nínú ọkọ̀ ojú irin ní orílẹ̀-èdè tí iṣẹ́ gbé mi wá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì ló kù kí n tó padà. Mo ti fi ẹjọ́ sun ọlọ́pàá, mo sì ti gba ìwé lọ́wọ́ wọn. Àbúrò mi obìnrin ní fóònù mi àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ nílé, òun sì lè fi í ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó ń gbé ẹrù sọ fún un pé èmi ni n ó san owó ibodè nígbà tí ó bá dé, wọn kò sì lè sọ iye rẹ̀. Fóònù tí mo ti lò fún ọdún mẹ́ta, báwo ló ṣe tún di ọjà tí a ń sanwó lé lórí?

Ìdáhùn kìíní
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run yóò fi ọ̀tun rọ́pò. Lójú aṣọ́bodè, ohun tí ẹ mú dání wọlé yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ tẹ̀lé yín: èyí tó wà lápò yín jẹ́ ẹrù ara yín, ṣùgbọ́n bí ó bá ti wọ inú páálí tí ó ní ìwé ẹrù lára, ọjà tó ń wọ̀lú ni, ìbáà jẹ́ àlòkù. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, wọ́n a tún fi owó tí ẹ fi gbé e àti owó ìdójútòfò kún iye fóònù náà kí wọ́n tó ṣírò. Láti ìgbà àdéhùn tí wọ́n ṣe lábẹ́ Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé ní 1996, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó fọwọ́ sí i ti yọ owó ibodè kúrò lórí fóònù, ṣùgbọ́n owó orí ọjà tí à ń pè ní VAT kò bá a lọ. Agbẹ́rù náà a sì gba owó iṣẹ́ tirẹ̀ nítorí pé ó bá yín san owó ìjọba ṣáájú. Lórí ẹrù kékeré, èyí gan-an ló máa ń dunni jù.

Ìdáhùn kejì
Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Ẹ̀gbọ́n mi di àlòkù mi sínú páálí fóònù tuntun tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, nítorí pé ó bá a mu rẹ́gí, ó sì kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sórí ìwé ẹrù: “fóònù”. Àwọn aṣọ́bodè wo àwòrán ara páálí, wọ́n sì fi iye tuntun ṣírò. Ọjọ́ mọ́kànlá ni a fi ń kọ̀wé síra wa. Nígbà tí wọ́n fi máa tú u sílẹ̀, mo ti wà nílé. Bí ẹ bá fẹ́ gbà á, kí àbúrò yín kọ ọ́ kedere pé àlòkù ni, ohun ìlò ara ẹni, kí ó kọ irú rẹ̀ àti iye tó tó ní báyìí, kí ó sì fi rìsíìtì àtijọ́ sí i. Kí ó má kọ “ẹ̀bùn”, nítorí irọ́ lórí ìwé aṣọ́bodè a máa fa ìtanràn. Kí bátìrì wà nínú fóònù: láti 2016, ọkọ̀ òfuurufú tó ń gbé èrò kì í gba bátìrì lithium àdádó bí ẹrù.

Ìdáhùn kẹta
Nítorí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, èmi kò fara mọ́ fífi ránṣẹ́ rárá. Ẹ ra èyí tí kò wọ́n, tí wọn kò tì mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan. Ohun tó ká mi lára ju fóònù lọ ni nọ́ńbà yín tí báǹkì ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí: ṣé ẹ ti ní kí wọ́n dí síìmù náà? Nọ́ńbà IMEI, tí a fi ń dá fóònù kọ̀ọ̀kan mọ̀, tó jẹ́ díjíìtì 15, wà lára páálí fóònù tí wọ́n jí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á fún yín, kí ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín lè dí ẹ̀rọ náà pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ni ẹ wà, tí ẹ kì í sì í ṣe olùgbé ibẹ̀, ẹ béèrè fọ́ọ̀mù VAT lọ́wọ́ ẹni tó tà á. Bí iye rẹ̀ bá tó èyí tí òfin ibẹ̀ là sílẹ̀, aṣọ́bodè yóò lu òǹtẹ̀ sí i nígbà tí ẹ bá ń jáde, kí wọ́n lè dá owó VAT náà padà fún yín.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun púpọ̀. Síìmù nìkan ni mo ti dí. N kò rántí IMEI rárá. Àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á fún mi láti ara páálí tán ni, mo sì ti sọ fún un pé kí ó dá àlòkù náà padà síbi tó ti mú un.