Ẹ̀yin lẹ́kúrà, níbo lẹ ti ń rí owó ṣe kọ́nfáránsì fákọ́tì?

Kẹ́hìndé_ò_sùn:

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo mọ̀ pé àwọn tó ti ṣe LOC (kọ́mítì tó ń ṣètò kọ́nfáránsì) rí pọ̀ níbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ kan ní ilẹ̀ Yorùbá níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, fákọ́tì Education. Díìnì wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ní èmi ni sẹ́kítírì LOC fún kọ́nfáránsì ọdún yìí, ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ sọ níbẹ̀ ni bí olùkọ́ ṣe lè máa fi ìmọ̀ ẹ̀rọ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kó sì fi ṣe ìwádìí, AI, Moodle tí olùkọ́ ń gbé kọ́ọ̀sì sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo ẹ̀ náà. Mo ní ẹ ṣé sà. Ìgbà tí mo wá bèèrè bọ́jẹ́ẹ̀tì ni bàbá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹ̀yin ọ̀dọ́ lẹ mọ íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lọ wá owó níbẹ̀.

Ṣé TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbówó fún iléèwé gíga, lè gbé owó fún wa ni? Àbí ká kàn bù ú lé registration? Àwọn prof kan ní tí kò bá sí báàgì àti item 7 (oúnjẹ) tó dáa ẹnikẹ́ni ò ní wá, àwọn kan ní ká gbé keynote, ìyẹn olùbánisọ̀rọ̀ pàtàkì, wá láti ìlú òyìnbó kí kọ́nfáránsì lè jẹ́ "international", àwọn kan ní ká ṣe gbogbo ẹ̀ lórí Zoom ká lọ sinmi. Iná wa náà wà níbẹ̀ o, látìgbà tí Band A, iná olówó gọbọi yẹn, ti dé ní 2024 ìgbà tó bá wu iléèwé ni wọ́n ń tan iná, a ó ra dísẹ̀lì fún jẹnẹrétọ̀ ni. Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere, ẹ sọ ibi tí kẹ̀kẹ́ wà fún mi.

Àgbà_LOC:

Àbúrò, ẹ kú orí ire, ẹ tún kú ìyà. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ TETFund kúrò nílẹ̀ torí òun ni gbogbo ènìyàn máa ń sáré lọ bá. Owó orí tí wọ́n ń gbà lórí èrè àwọn kọ́ńpìnnì ni TETFund ń ná, ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ni tẹ́lẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di 2.5 ní 2021, ó di 3 ní 2023, kí development levy tó rọ́pò ẹ̀ ní 2026, iléèwé ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ nìkan ló sì wà fún. Ní 2025, ohun tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi bílíọ̀nù náírà 2.8. Ẹ máa rò pé owó ti dé, ṣùgbọ́n ilé kíkọ́ ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù lọ, tó bá wá kan ọ̀rọ̀ kọ́nfáránsì, owó tí wọ́n fi ń rán lẹ́kúrà lọ síbi tí ẹlòmíì ti ń ṣe é ni, kì í ṣe owó tẹ́ ẹ máa fi gbàlejò.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa rí i jẹ nìyẹn gan-an. Àwọn àlejò yín ló máa gbé owó TETFund wá. Ṣùgbọ́n kí lẹ́kúrà kan láti Ìlọrin tàbí Àkúrẹ́ tó rí owó yẹn gbà, ó gbọ́dọ̀ ní lẹ́tà acceptance lọ́wọ́, èyí tó sọ pé ẹ ti gba pépà ẹ̀, lẹ́tà yẹn á ti ọwọ́ HOD (olórí ẹ̀ka) bọ́ sọ́wọ́ díìnì, á lọ sí kọ́mítì, á lọ bá desk officer tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ TETFund níléèwé wọn, ó dẹ̀ lè dé Àbújá kó tó padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi acceptance ránṣẹ́ nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí kọ́nfáránsì bẹ̀rẹ̀, tẹ́ ẹ wá ń sunkún pé ènìyàn ò wá, ta ló fẹ́ fi owó ọmọ ẹ̀ wá síbẹ̀? Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gba abstract (àkópọ̀ pépà) ní oṣù mẹ́fà ṣáájú ó kéré tán, ẹ dá ẹni tó bá fi ránṣẹ́ lóhùn kíákíá, ẹ kọ lẹ́tà náà sórí letterhead, ẹ fi ọjọ́ sí i, ẹ fi ibi tá a ti máa ṣe é sí i, ẹ ya owó registration sọ́tọ̀ kúrò lára owó ilé tí wọ́n máa sùn.

Ọ̀kan ṣì kù. Tí wọ́n bá padà délé wọ́n gbọ́dọ̀ retire owó náà, ìyẹn ni pé kí wọ́n fi ẹ̀rí hàn bí wọ́n ṣe ná an. Rìsíìtì tó mọ́, sàtífíkéètì tó ní orúkọ tí kò ṣìnà. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti kọ rìsíìtì sórí ìwé tí wọ́n ya lára ìwé ìkọ̀wé ọmọ iléèwé, bọ́sà (ọ̀gá owó) iléèwé àwọn ènìyàn yẹn kọ̀ jálẹ̀, lọ́dún tó tẹ̀lé e kò sẹ́ni tó tún padà wá láti iléèwé náà.

Ìyá_Lab:

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ lórí lẹ́tà, mo gbà, ṣùgbọ́n ìbéèrè tèmi ni pé irú kọ́nfáránsì wo gan-an lẹ fẹ́ ṣe? Torí èyí tí mo mọ̀ ni kí ènìyàn sáré ka pépà ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ojú PowerPoint dúdú mọ́ wa lára, kí a gba sàtífíkéètì ká lọ wá mọ́tò. Lórí ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ! Ẹnì kan á dúró lórí pèpéle wákàtí kan, á máa ṣàlàyé Moodle fáwọn tí kò tíì fojú kan Moodle rí, àwòrán ẹ̀ nìkan ló sì mú wá.

Tó bá jẹ́ ọjọ́ méjì lẹ máa ṣe, ẹ sọ ọ̀kan di ọjọ́ tí wọ́n máa fọwọ́ ṣe é, kí kálukú gbé làpútọ́ọ̀pù ẹ̀ wá. Kó tó di ọ̀sán, kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ti gbé kọ́ọ̀sì ẹ̀ kan sórí Moodle, kí gbogbo ìwé tó ń lò fún ìwádìí ti wà nínú Zotero, ẹ̀rọ tó ń tọ́jú ìwé tó sì ń bá ènìyàn kọ reference. Ọ̀fẹ́ ni Moodle, ọ̀fẹ́ ni Zotero, tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá jọ́nà fákọ́tì sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni OJS tí wọ́n fi ń ṣe é náà, Google Workspace for Education tó wà ní ìpele àkọ́kọ́ wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ iléèwé tí wọ́n bá ti gbà wọlé. Zoom ọ̀fẹ́ ṣá ni kẹ́ ẹ má gbọ́kàn lé, ó máa já yín jùnù ní ogójì ìṣẹ́jú. Owó tẹ́ ẹ nílò gan-an wá di ti dátà, dísẹ̀lì, àti oúnjẹ. Kò pọ̀ tó bẹ́ ẹ ṣe rò.

Tó bá wá di ọ̀rọ̀ àwọn onígbọ̀wọ́, ẹ wo OAU. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, àwọn, Makerere àti Dar es Salaam bá MIT ṣiṣẹ́ lórí iLab, Carnegie Corporation ti New York ló gbé owó sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà á jókòó ní Ifẹ̀, á gba orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ìdánwò lórí irinṣẹ́ ẹ̀rọ-ìléktíróníkì tí kò sí lójú ẹ̀ níbẹ̀, nígbà tó yá àwọn ọmọ Ifẹ̀ fúnra wọn kọ́ lab tiwọn sórí ẹ̀. Ohun tí wọ́n máa fọwọ́ ṣe ni wọ́n gbé lọ bá ẹni tó lówó. Lẹ́tà yín lè jẹ́ ojú ìwé kan péré, ẹ kàn kọ ohun tí lẹ́kúrà ọgọ́ta máa mọ̀ ọ́n ṣe ní ọ̀sán ọjọ́ kejì tí wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní. Ẹ̀yin ẹ ń kọ "to foster synergy", wọ́n ń fi lẹ́tà yín di ẹ̀pà.

Ọmọ_Kétu:

Ẹ ǹlẹ́ o, láti Kùtọnu ni mo ti ń kí yín. Lórí ọ̀rọ̀ "international" yẹn, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá gbé òyìnbó wá. Ẹ rántí eLearning Africa, ọdọọdún ló ń kó àwọn tó ń fi ẹ̀rọ kọ́ni káàkiri Áfíríkà jọ, Addis Ababa ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 2006, Kùtọnu níbí ni wọ́n ṣe é ní 2012. Ẹni tó wà l'Ékòó lè wọ mọ́tò gba Sẹ̀mẹ̀ wá, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, ECOWAS dẹ̀ ni gbogbo wa, kò sí físà. Àwọn olùkọ́ yunifásítì wa ní Abomey-Calavi ò jìnnà sí yín. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn, ẹ gbà kí wọ́n ka pépà ní Faransé tàbí ní Yorùbá pàápàá, kọ́nfáránsì yín ti di international nìyẹn kò ná yín ju owó mọ́tò àti ilé àlejò lọ.

Jàgùdà_Grant:

@Kẹ́hìndé ẹ má wulẹ̀ dá gbogbo prof wọ̀nyẹn lóhùn. Látìgbà tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ ní June 2023, dọ́là tó wà ní nǹkan bí 460 gun òkè kọjá 1,500 ní 2024, ẹ fi bọ́jẹ́ẹ̀tì fákọ́tì gbé keynote wá láti Lọ́ńdọ̀nù kí n rí yín. Ẹ ní kó ka keynote ẹ̀ sílẹ̀ sínú fídíò, kó wá wọlé lórí Zoom fún ìbéèrè nìkan. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ṣe wérewère, fídíò ṣì wà nílẹ̀.

Mo tún fẹ́ sọ ọ̀kan. Yunifásítì aládàáni ni mo wà, a ò mọ bí TETFund ṣe rí, nínú owó oṣù wa la ti ń san registration. Nítorí Ọlọ́run ẹ má gba owó vetting (owó àyẹ̀wò pépà), kẹ́ ẹ gba registration, kẹ́ ẹ tún gba owó publication lọ́wọ́ ẹnì kan náà. Ẹ sọ ọ́ di iye kan ṣoṣo. Kí ti àwọn ọmọ PG (Masters àti PhD) dínkù, kí ti àwọn orí Zoom dínkù ju ìyẹn lọ. Ẹ yọ báàgì kúrò. Báàgì wo? Ilé mi kún fún báàgì kọ́nfáránsì, àlùbọ́sà ni ìyàwó mi ń kó sí i. Báǹkì tó wà nínú ọgbà iléèwé, ẹ má lọ bẹ̀ wọ́n ní owó, ẹ ní kí wọ́n tẹ báńà àti tag tí orúkọ wọn wà lára ẹ̀, àwọn onífóònù ẹ tọrọ dátà àti ráútà lọ́wọ́ wọn. Nǹkan tó wà lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀ máa ń tètè jáde ju owó lọ. Kóòpù àwọn òṣìṣẹ́ náà lè bá yín gbọ́ oúnjẹ.

Kẹ́hìndé_ò_sùn:

Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin àgbà, Ìyá Lab ẹ ti ba kọ́nfáránsì tí mo ní lọ́kàn jẹ́, mo dúpẹ́ 😂 Mo máa gbé ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan ìfọwọ́ṣe yẹn lọ bá díìnì. Tiyín náà wú mi lórí Ọmọ Kétu, HOD Faransé wa mọ ènìyàn lọ́hùn-ún. Ẹ̀gbọ́n Àgbà LOC, account wo la máa ní kí wọ́n san owó sí? Àwọn kan ní kí n lo tèmi torí pé ó yá.

Àgbà_LOC:

Háà! Ẹ má dán an wò. Ẹni tí TETFund rán wá ò lè fi rìsíìtì account ẹnì kan retire owó, ọjọ́ tí wọ́n bá sì rán audit, ẹ̀yin nìkan lẹ máa dúró síbẹ̀. Àwọn tó wà ní iléèwé ìjọba àpapọ̀, inú TSA, àpò kan ṣoṣo tí ìjọba àpapọ̀ ń kó owó sí, ni owó wọn ń wọ̀ látọdún 2015, kó tó jáde padà á ti rẹ LOC, ìdí tí díẹ̀ nínú wọn fi máa ń bá ẹgbẹ́ kan dá a ṣe nìyẹn. Ẹ̀yin ti ìpínlẹ̀, ó lè rọ̀ yín lọ́rùn díẹ̀. Ẹ lọ bá bọ́sà kẹ́ ẹ tó tẹ flyer, ẹ ní kó fún yín ní account kan fún kọ́nfáránsì yìí nìkan, kí díìnì àti ẹlòmíì kan jọ máa sáìn sí i, kí rìsíìtì ti inú bọ́sárì jáde. Oúnjẹ àti dísẹ̀lì ni kẹ́ ẹ tètè gba ìdá kan owó ẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, torí ẹni tó ń ta dísẹ̀lì kì í gbọ́ ìtàn bọ́sárì.

Tí flyer bá ti jáde ẹ gbé e síbí. Mo ní ọmọ PhD mẹ́ta tó máa fi abstract ránṣẹ́, ọ̀kan nínú wọn mọ Zotero débi pé ó lè kọ́ yín.