Káàdì kẹta láàárín oṣù méjì: iná lọ, fáìlì bàjẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ka ìwọ̀n òtútù fún ìyá ẹlẹ́ja kan ní Oyíngbò. Raspberry Pi (kọ̀ǹpútà kékeré) ni, ìṣẹ́jú àáyá 5-5 ló ń kọ òǹkà sórí káàdì SD. Káàdì mẹ́ta ti bàjẹ́. Wọ́n á mú iná lọ, kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ ti kú. Iná á dé, kò ní gbéra mọ́. Ti àná gbéra, àmọ́ kò gba kí n kọ ohunkóhun: "Remounting filesystem read-only." Òǹkà ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wà lórí rẹ̀, màmá sì fẹ́ fi han oníbàárà tó ní ẹja òun ti jẹrà. Ẹ gbà mí o.

Ará Ṣómólú:
Má tíì ṣe fsck (àṣẹ tó ń yẹ ètò fáìlì wò, tó sì ń tún un ṣe) o! Ó máa ń kọ nǹkan sórí káàdì, èyí sì ti ń kú lọ. Fi í sínú kọ̀ǹpútà Linux, má ṣe mount rẹ̀ (má ṣí i), fi ddrescue, tó ń ṣe àdàkọ káàdì tó ń bàjẹ́, da ìpín ext4 náà (ibi tí Linux ń to fáìlì sí) kọ sínú fáìlì kan. Fáìlì yẹn ni kí o ṣe e2fsck -f (fsck ti ext4) lé lórí.

Ará Ìkẹjà:
Ṣé o ti dán àwọn káàdì náà wò? Òmíràn kọ 32GB sára, 8 ló wà nínú rẹ̀. f3write, tó ń kọ dátà kún káàdì, àti f3read, tó ń kà á padà, á tú àṣírí ẹ̀. Káàdì òfìfo ni kí o fi ṣe é, kì í ṣe eléyìí.

Ará Mushin:
Lo UBIFS (ọ̀nà ìtò fáìlì mìíràn) dípò ext4. Torí flash (ohun tí káàdì ń tọ́jú dátà sí) ni wọ́n ṣe ṣe é.

Ará Yábà:
Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, flash tí kò ní kọ̀ǹtírólà (ohun tó ń darí flash) ni UBIFS wà fún. Káàdì SD ní tirẹ̀ nínú, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Flash kì í ṣe síléètì tí èèyàn lè nu lẹ́tà kan kúrò lára ẹ̀. Odindi búlọ́ọ̀kù ló ń parẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Nítorí ìlà kan péré, kọ̀ǹtírólà lè máa kó dátà àtijọ́ kiri. Bí iná bá lọ lásìkò yẹn, fáìlì tí o kò fọwọ́ kàn lè bá a lọ, journal ext4 (àkọsílẹ̀ tó fi ń tún ara ẹ̀ ṣe) ò sì rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Àbúrò, ìgbà 17,280 lò ń kọ nǹkan lójúmọ́! Kó òǹkà jọ sínú RAM (ìrántí Pi fúnra ẹ̀, kì í ṣe káàdì), máa kọ ọ́ ní ìṣẹ́jú 10-10, ó di 144. Tan Overlay File System, tí kì í jẹ́ kí Pi kọ nǹkan sórí ìpín ètò rẹ̀, nínú raspi-config (ibi ìṣètò Pi), kí òǹkà ní ìpín tirẹ̀. Ṣùgbọ́n láìsí bátìrì kékeré, a ò tíì ṣe nǹkan kan.

Ẹni tó béèrè:
Ẹ ṣeun gan-an! Òǹkà ti jáde, ti ọjọ́ tí iná lọ nìkan ló di òfo. Màmá ti rí i. Ẹ̀gbọ́n Yábà, bí iná bá wá lọ ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án ńkọ́?

Ará Yábà:
Ohun tí bátìrì wà fún nìyẹn. Ra èyí tó lè fi GPIO (àwọn pínnì ara Pi) sọ fún Pi pé iná ti lọ. Kó kọ èyí tó kù sórí káàdì, kó ṣe fsync (kó rí i dájú pé ó ti dé orí káàdì), kó tó wá pa ara ẹ̀.