Ètò owó oṣù iléeṣẹ́ wa ti dàrú: ṣé kí a ra áàpù tuntun ni, àbí kí a kọ́kọ́ yẹ ìwé wò?

Akọ̀wé Ìkẹjà béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ìdí ìṣirò owó. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe búrẹ́dì ní Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àwa òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì lé díẹ̀ ní ogójì. Faìlì Excel tí ẹni tó wà ní ipò yìí ṣáájú mi fi sílẹ̀ ni a ṣì fi ń ṣètò owó oṣù: bí oṣù bá ti parí, a ó da ti oṣù tó kọjá kọ, a ó yí orúkọ oṣù padà, a ó fi àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kún un, a ó sì fi ránṣẹ́ sí báńkì. Nígbà tí mo fara balẹ̀ wo faìlì náà, mo rí i pé nọ́ńbà àkáǹtì kan náà ló wà níwájú orúkọ méjì, pé ẹnì kan tí wọ́n ti gbé kúrò ní iṣẹ́ alẹ́ ṣì ń gba àjẹmọ́nú iṣẹ́ alẹ́, àti pé ńṣe ni wọ́n fọwọ́ tẹ iye owó orí síbi tó yẹ kí kọ̀ǹpútà ti máa ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gbé Ìbàfò, Magboro àti Akute, síbẹ̀ Ìpínlẹ̀ Èkó ni gbogbo owó orí wa ń lọ. Ọ̀gá wa ní kí a ra áàpù owó oṣù kí wàhálà lè tán. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ló yẹ, àti ibi tí ó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀.

Àgbà Ìṣirò fèsì pé:

Àbúrò, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Bí ẹ bá kó orúkọ tí kò mọ́ sínú áàpù, áàpù náà yóò máa sanwó fún orúkọ yẹn lọ ni, á sì yá ju Excel lọ. Orí àwọn ènìyàn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó dé orí ìṣirò.

Ẹ gba àkọsílẹ̀ báńkì oṣù mẹ́ta tó kọjá, nítorí pé ohun tó jáde ní báńkì ni owó oṣù tí ẹ san ní tòótọ́. Ohun tí ẹ ní lọ́kàn láti san nìkan ni Excel ń sọ. Ẹ fi orúkọ kọ̀ọ̀kan wé lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, kí ẹ tún fi wé ìwé tí àwọn ọ̀gá ìdí ààrò fi ń pín ènìyàn sí iṣẹ́ òwúrọ̀ àti iṣẹ́ alẹ́. Orúkọ tó bá wà ní báńkì tí kò sí nínú méjèèjì, ẹ dá owó rẹ̀ dúró ná, kí ẹ sì kọ̀wé sí ọ̀gá pátápátá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó ń ṣètò owó oṣù má ṣe dá àyẹ̀wò yìí ṣe, bó ti wù kó jẹ́ olóòótọ́ tó. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tọ́jú fáìlì àwọn òṣìṣẹ́ bá yín jókòó sí i.

Ní ti orúkọ méjì tó ń lo àkáǹtì kan, ẹ má tíì pe ẹnikẹ́ni ní olè. Ó wọ́pọ̀ kí ọmọ tuntun tí kò tíì ní àkáǹtì ní kí wọ́n san owó òun sí ti ẹ̀gbọ́n tó mú un wọṣẹ́, kí oṣù sì máa gorí oṣù láìsí ẹni tó rántí. Ó sì lè jẹ́ ayédèrú òṣìṣẹ́ ni. Ẹ ní kí àwọn méjèèjì yọjú, kí olúkúlùkù mú àkáǹtì tó wà lórúkọ ara rẹ̀ wá, kí orúkọ náà sì bá ti lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ mu. Ẹni tí kò bá lè yọjú ti dáhùn ìbéèrè yín nìyẹn.

Òṣìṣẹ́ Owó Orí fèsì pé:

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Àgbà Ìṣirò, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n fọwọ́ tẹ yẹn ló ń kọ mí lóminú jù. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2026 ni òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìṣirò àtijọ́ kò sì wúlò mọ́. Àdínkù tí a máa ń ṣe fún gbogbo ènìyàn tẹ́lẹ̀ ti kúrò. ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó orí, ìdá 15 nínú 100 ni ti ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, ìdá 18 sì ni ti ₦9,000,000 tó tún tẹ̀ lé ìyẹn. Ó ṣì ń gòkè ju báyìí lọ, ṣùgbọ́n ìyẹn di ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá yín. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò bá ju ₦70,000 tí ìjọba fi ṣe owó oṣù tó kéré jù lọ kò gbọdọ̀ san owó orí rárá.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó ń gba ₦150,000 lóṣù, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ owó oṣù gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀. ₦1,800,000 ni lọ́dún. Ìdá 8 fún ìfẹ̀yìntì yóò yọ ₦144,000 kúrò. Bí ó bá ń san ₦400,000 fún onílé lọ́dún, tí ó sì ní ìwé ẹ̀rí, ìdá 20 rẹ̀, ìyẹn ₦80,000, yóò tún kúrò. Òfin kò jẹ́ kí àdínkù yìí kọjá ₦500,000, bó ti wù kí owó ilé pọ̀ tó. Ó ku ₦1,576,000. Ẹ yọ ₦800,000 nínú rẹ̀, kí ẹ ṣírò ìdá 15 lórí ₦776,000 tó ṣẹ́kù: ₦116,400 lọ́dún, ₦9,700 lóṣù. Bí kò bá mú ìwé owó ilé wá, ₦10,700 ni ẹ ó máa yọ, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní mọ̀ pé ẹgbẹ̀rún náírà ń lọ lóṣooṣù nítorí rìsíìtì onílé. Ẹ fi àpẹẹrẹ yìí dán faìlì yín wò kí ẹ wo iye tí yóò gbé jáde.

Ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ló ni owó orí rẹ̀, ibi yòówù kí iléeṣẹ́ wà. Ti Ìpínlẹ̀ Ògùn ni àwọn ará Ìbàfò, Magboro àti Akute. Ẹ gba ẹ̀rí ibùgbé lọ́wọ́ olúkúlùkù, kí iléeṣẹ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn agbowó orí Ìpínlẹ̀ Ògùn, kí ẹ sì san ti ìpínlẹ̀ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀ lé e. Ní ti àtẹ̀yìnwá, ẹ tètè gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Èkó kí Ògùn tó kọ̀wé sí yín, nítorí pé owó tí ẹ san fún ẹlòmíràn kò ní kí ẹni tó ni ín má béèrè.

Akọ̀wé Ìkẹjà fèsì pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni àwọn tó ń lo àkáǹtì kan náà lóòótọ́. Ọ̀gá wa ti wá ní kí a yọ gbogbo àjẹmọ́nú tí ẹni tí wọ́n gbé kúrò ní iṣẹ́ alẹ́ gbà lódì lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣé a lè ṣe bẹ́ẹ̀? Owó ìfẹ̀yìntì pẹ̀lú, nígbà mìíràn ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a tó fi ránṣẹ́.

Ìyá Ẹ̀ka Òṣìṣẹ́ fèsì pé:

Ẹ bá mi bẹ ọ̀gá, kí wọ́n rọra. Àṣìṣe iléeṣẹ́ ni, òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà sì fi ààlà sí i: oṣù mẹ́ta tó ṣáájú oṣù tí ẹ rí àṣìṣe náà nìkan ni ẹ lè yọ padà, gbogbo ohun tí ẹ bá sì yọ nínú owó oṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ lọ. Ẹ pè é, ẹ fi ìṣirò hàn án, kí ẹ jọ kọ ọ́ sílẹ̀ bí yóò ṣe máa lọ díẹ̀díẹ̀.

Ti ìfẹ̀yìntì kò gba àfara. Iléeṣẹ́ tó bá ti ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà lábẹ́ òfin ọdún 2014, ọjọ́ iṣẹ́ méje péré lẹ́yìn tí ẹ san owó oṣù ni ó sì fún yín. Ẹni tó ń gba ₦150,000 yẹn, ₦12,000 ni tirẹ̀, ₦15,000 ni ti iléeṣẹ́. Bí ẹ bá fi ₦27,000 náà ra ìyẹ̀fun, owó olówó ni ẹ ń ná. Owó ìtanràn rẹ̀ kò dín ní ìdá 2 nínú 100 lóṣooṣù lórí iye tí ẹ kò tíì san. Kí n má gbàgbé: ìdá 1 nínú 100 owó oṣù tó ń lọ sọ́dọ̀ NSITF, àjọ ìjọba tó ń ṣètò owó ìrànwọ́ fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ ló ń san án, kò gbọdọ̀ hàn nínú ohun tí ẹ ń yọ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́.

Bí ẹ bá ti tún ìwé ṣe tán, ohun tí kò ní jẹ́ kó bàjẹ́ mọ́ ni kí ẹ máa fi oṣù wé oṣù. Ẹ mú àpapọ̀ oṣù tó kọjá, ẹ fi ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé àti àwọn tí a fi kún owó wọn kún un, ẹ yọ ti àwọn tó ti lọ àti àjẹmọ́nú tó dópin. Iye tó bá kù gbọ́dọ̀ bá ti oṣù yìí mu, lẹ́tà sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ìyàtọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá bára mu, kí ìwé náà má lọ sí báńkì. Kí ẹni tó ṣètò rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, kí méjèèjì sì yàtọ̀ sí ẹni tó ń fọwọ́ sí i ní báńkì. Lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ lè ra áàpù yín, kí òun àti Excel jọ máa ṣírò fún oṣù méjì, kí ẹ tó fi Excel sílẹ̀. Èyí tó bá lè ya owó orí ìpínlẹ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára ti èkejì ni kí ẹ rà.

Oníṣòwò Mowe fèsì pé:

Ìyá, òótọ́ ni ẹ sọ, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ kéékèèké bíi tèmi kò ní ènìyàn mẹ́ta ní ọ́fíìsì.

Ìyá Ẹ̀ka Òṣìṣẹ́ fèsì pé:

Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹnì kejì, sà. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i lóṣooṣù, ẹ ka ìwé tó ń lọ sí báńkì ní orúkọ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá dé orí orúkọ tí ẹ kò mọ ojú ẹni tó ni ín, ẹ ní kí wọ́n pè é wá.