Ọrùn dídùn àti iṣẹ́ abẹ: ibi tí mo parí ìbéèrè mi sí

Mo bèèrè níbí pé ṣé dandan ni iṣẹ́ abẹ fún ọrùn tó ti ń dunni ju oṣù mẹ́ta lọ. Ẹ ṣeun o. Ìdáhùn rèé.

Bó bá jẹ́ ọrùn nìkan ló ń dùn, iṣẹ́ abẹ kì í sábà wò ó. Dípò rẹ̀, ẹ fa àgbọ̀n sẹ́yìn tààrà láì tẹrí ba, ìṣẹ́jú-àáyá 5, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, láràárọ̀ lálaalẹ́. Bó bá ń ta dé apá, ọ̀pọ̀ ló ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12, àfi bí apá bá ń rọ sí i.

Èyí tí kò gbọdọ̀ dúró ni kí okùn inú egungun ọrùn (spinal cord, tó so ọpọlọ mọ́ ara) há: bọ́tìnì ò ṣeé dè mọ́, ẹsẹ̀ ò dúró déédéé. Ẹ máa di ẹ̀ṣẹ́ kẹ́ ẹ sì máa ṣí i pátápátá, léraléra kíákíá, fún ìṣẹ́jú-àáyá 10. Ọwọ́ tó pé yẹ kó tó ìgbà 20. Bí kò bá tó o, ilé ìwòsàn egungun ní Ìgbóbì tàbí LUTH (ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó) ní Ìdí-Àràbà ló kàn, kí wọ́n ya MRI (àwòrán tó ń fi ẹran ara inú hàn), nítorí X-ray kì í fi okùn yẹn hàn. Iṣẹ́ abẹ níbẹ̀ ń dá ìbàjẹ́ dúró ni. Èyí tó ti bàjẹ́ lè má padà tán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí onígbàjámọ̀ kankan lọ́ ọrùn yín kó dún kó.