Ẹ̀yin tí ẹ ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín lójoojúmọ́, kí ni ojú yín ti rí?

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Ó di oṣù kẹrin báyìí tí dókítà ti sọ fún mi pé àtọ̀gbẹ ni ó ń bá mi jà, ó sì ní kí n máa wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi ní òwúrọ̀ kí n tó fi ohunkóhun kan ẹnu, kí n sì tún wọ̀n ọ́n ní wákàtí méjì lẹ́yìn tí mo bá jẹun. Ohun tí kò yé mi ni pé mo lè jẹ ẹ̀fọ́ gbọ́má àti ẹja díẹ̀ ní alẹ́, kí ẹ̀rọ sọ pé 1,30 (gíráàmù nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan) nígbà tí mo fẹ́ sùn, kí n sì jí bá 1,48. Ta ni ó bu ṣúgà sí mi lẹ́nu lóru? Ẹni tí irú rẹ̀ bá ti ṣe, kí ó jọ̀wọ́ sọ tirẹ̀ fún mi.

Bàbá Tísà, Kétu
Ẹ̀dọ̀ yín ni ó bù ú, ìyá.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, Àjàṣẹ́
Bàbá Tísà kò parọ́. Nígbà tí ilẹ̀ bá fẹ́ mọ́, ara a máa tú àwọn èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ láti jí wa, àwọn wọ̀nyí ni ó sì ń sọ fún ẹ̀dọ̀ pé kí ó tú ṣúgà tí ó kó pamọ́ síta. Lára ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ, ìnsúlíìnì, èròjà inú ara tí ó ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù, a tètè kápá rẹ̀. Lára tiwa, agbára rẹ̀ kò tó mọ́. Ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ fi ebi sùn. Ẹ kọ iye tí ẹ rí sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ sì gbé ìwé náà lọ fún dókítà yín.

Alájì, Wàńdó
Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú mi rí. Ní ìgbà máńgòrò tí ó kọjá, mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, mo ń bó máńgòrò fún àwọn ọmọ-ọmọ mi, mo sì fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí pé n kò jẹ ẹyọ kan. Nígbà tí àkókò wíwọ̀n tó, mo nu ọwọ́ sí etí ṣòkòtò, mo gún ìka, mo sì fi pépà àyẹ̀wò kan ẹ̀jẹ̀ náà: 3,12! Ìyàwó mi ti wé gèlè, ó ti ń pe ọlọ́kadà kí ó wá gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn, kí ọmọ mi obìnrin tó béèrè pé, «Bàbá, ṣé ẹ fọ ọwọ́?» Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo nù ún gbẹ, mo gún ẹ̀gbẹ́ ìka mìíràn, ó sì jẹ́ 1,36. Omi máńgòrò tí ó wà ní ìka mi ni ẹ̀rọ náà ń kà.

Àbẹ̀kẹ́, Kétu
Alájì, ẹ̀yin nìkan ni mo mọ̀ tí ó bó máńgòrò tí kò lá ìka.

Alájì, Wàńdó
Mo ní n kò jẹ ẹ́. Lílá kọ́ ni jíjẹ.

Àbẹ̀kẹ́, Kétu
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o! Ṣùgbọ́n bí a bá ń sọ ti ẹ̀rù, tèmi ju tiyín lọ, sà. Ẹ̀gbọ́n mi tí ó ń gbé ní Ìmẹ̀kọ ní Nàìjíríà ra ẹ̀rọ kan wá fún mi láti òdìkejì ẹnubodè. Mo lò ó ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kọ 132, èmi tí wọ́n ti kìlọ̀ fún pé kí n má jẹ́ kí ó kọjá 1,30! Mo jókòó sílẹ̀ gbẹ̀ẹ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín aṣọ mi fún àwọn ọmọ lọ́kàn. Ó di ilé ìwòsàn kí wọ́n tó là mí lọ́yẹ̀ pé mílígíráàmù nínú désílítà ni ẹ̀rọ náà ń kà, pé gíráàmù nínú lítà ni àwa ń kà níhìn-ín ní Benin, àti pé 132 náà kò ju 1,32 tiwa lọ.

Bàbá Tísà, Kétu
Ọgọ́rùn-ún ni kí ẹ fi pín in, ó tán.

Ọmọ Ṣábẹ
Ẹ̀rọ ni gbogbo yín ń sọ, kò sí ẹni tí ó mẹ́nu kan oúnjẹ. Wọ́n ní kí n fi iyán sílẹ̀, kí n máa jẹ ọkà ẹlúbọ́ nítorí pé ó dúdú. Ṣé àwọ̀ ni ṣúgà ń wò ni? Isu kan náà ni a bọ̀, tí a sá, tí a lọ̀, tí ó di ẹlúbọ́.

Àbẹ̀kẹ́, Kétu
Bí a bá ní kí ará Ṣábẹ fi iyán sílẹ̀, àwíjàre ni yóò máa wá.

Alájì, Wàńdó
Ẹ máa jẹ àkàsà, omi ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Bàbá Tísà, Kétu
Àgbàdo ni, Alájì, kì í ṣe omi. Nítorí pé ó ń yọ̀ lọ́nà ọ̀fun ni ẹ ṣe ń jẹ mẹ́rin kí ẹ tó mọ̀ pé ẹ ti jẹun.

Ọmọ Ṣábẹ
N kò wá àwíjàre, mo dán an wò ni. Mo jẹ iyán bí mo ṣe ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀, mo wọn ṣúgà lẹ́yìn wákàtí méjì, ó jẹ́ 2,41. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo bu ìdajì rẹ̀, mo kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja kí n tó fọwọ́ kan òkèlè, mo sì rìn dé ẹsẹ̀ òkè padà wálé: 1,72. Iyán náà ni, Ṣábẹ náà ni.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, Àjàṣẹ́
Ohun tí mo ti ń sọ láti ọdún pípẹ́ nìyí. Ìwọ̀n ìkúùkù ẹni tó, yálà iyán ni tàbí ọkà tàbí àkàsà, kí ẹ̀fọ́ sì gba ìdajì abọ́. Fún ọ̀pọ̀ nínú wa, bí kò bá ti kọjá 1,80 ní wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ, ó dára.

Bàbá Tísà, Kétu
Ẹ má gbàgbé ẹni tí tirẹ̀ wálẹ̀ jù. Mo gbé oògùn mi mì ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo ní n ó jẹun bí mo bá ti oko dé. Oòrùn kò tíì kanrí tí ọwọ́ mi fi ń gbọ̀n tí n kò lè di ọkọ́ mú mọ́, òógùn tútù bò mí, mo sì ń bínú sí ọmọ tí ó bá mi lọ láìnídìí. Ẹ̀rọ wà nínú àpò mi: 0,54. Hóró ṣúgà mẹ́ta ni mo jẹ lẹ́ẹ̀kan náà, mo dúró fún ìṣẹ́jú 15, mo tún wọ̀n ọ́n, ó ti di 0,83, ni mo wá jẹ ẹ̀wà tí a gbé lọ. Láti ọjọ́ náà ni ṣúgà kì í ti í wọ́n nínú àpò mi.

Alájì, Wàńdó
Ẹ wo ẹni tí ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí àkàsà, tí ó ń kó ṣúgà sápò rìn!

Àbẹ̀kẹ́, Kétu
Ẹ gbà á, Bàbá Tísà.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ní òwúrọ̀ yìí, mo nù ún gbẹ, ó ṣì jẹ́ 1,44, nítorí náà mo ti fi ìka mi sílẹ̀, ẹ̀dọ̀ ni mo dì mú. Mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀, ọjọ́ Ẹtì ni mo máa gbé ìwé náà lọ fún dókítà. Alájì, èwo wá ni ti máńgòrò, ṣé a lè jẹ ẹ́ ni tàbí a kò lè jẹ ẹ́?

Alájì, Wàńdó
Ẹ bi ìyàwó mi, òun ni ó ń ka kóró rẹ̀ nínú ilé wa báyìí.