Ẹ̀yin òṣèré, ibo lẹ bá iṣẹ́ dé lọ́dún yìí? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Òṣèrébìnrin kan, Ìbàdàn

Mo ń ṣa tòmátì lọ́jà Bódìjà lọ́jọ́ Sátidé nígbà tí ìyá tó ń tà á tẹjú mọ́ mi. Ó ní, "Àbí ìwọ kọ́ lo máa ń ṣe tíátà tẹ́lẹ̀? Kí ló dé tí o fi í sílẹ̀?" Mi ò fi í sílẹ̀ o. Ọjọ́ kẹsàn-án ìdánrawò wa ló bọ́ sí yẹn, ohùn mi ti há, orúnkún mi sì ti bó níbi tí mo ti ń kúnlẹ̀ lórí pákó lálaalẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí kò ti rí ojú mi nínú fíìmù tó ń wò lórí fóònù ọmọ rẹ̀, lójú tiẹ̀, mo ti fiṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn. Ìdí tí mo fi ní ká kóra jọ síbí rèé, kí kálukú sọ ibi tó bá iṣẹ́ dé, ì báà jẹ́ pé wọ́n ti rí wa, ì báà jẹ́ pé wọn ò tíì rí wa.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó dùn mí jù.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n pè mí sí fíìmù kan tí wọ́n ń yà lẹ́yìn Abẹ́òkúta. Ìyàwó ilé ni mo ṣe, ojú ìran mẹ́ta, ọ̀rọ̀ sì wà lẹ́nu mi nínú méjì. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo lò ní lokéṣọ̀n. Orí ìtàgé ni wọ́n ti kọ́ mi níṣẹ́. Ní gbọ̀ngàn Mọ́kọ́lá, ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá gbọ́dọ̀ gbọ́ mi láìsí gbohùngbohùn. Bí mo ṣe la ẹnu báyìí, olùdarí dá wa dúró. Ó rọra wá bá mi, ó ní, "Àǹtí, ọkọ yín ló wà níwájú yín yìí, kì í ṣe gbogbo àdúgbò. Máìkì wà lókè orí yín níbẹ̀ yẹn. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọmọ ń sùn nínú yàrá." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ṣì ń lò títí dòní. Lórí ìtàgé, tí n bá fẹ́ bínú, èjìká mi á gbọ́, ẹsẹ̀ mi á gbọ́. Tí kámẹ́rà bá sún mọ́ni, ìpéǹpéjú ti tó. Tí o bá fi èjìká kún un, ó ti pọ̀jù.

Wọn kì í sì í ya ìtàn bó ṣe tẹ̀ léra. Àárọ̀ ni wọ́n ya ibi tí mo ti ń sunkún ọkọ mi tó kú, ó di ọ̀sán kí wọ́n tó ya ibi tí ọkọ ọ̀hún ti ń bá mi ṣeré nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Ilé tí wọ́n háyà ló fà á: gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú pálọ̀ yẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ yà á tán kí wọ́n tó kẹ́rù lọ síbòmíì. Nínú eré orí ìtàgé, díẹ̀díẹ̀ ni ìbànújẹ́ máa ń bá mi bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀, àfi kí n lọ mú un wá fúnra mi, kí n sì tún lọ dá a padà kí ọ̀sán tó pọ́n. Ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ láti máa fi fóònù ya bí mo ṣe wé gèlè, torí tí ìwérí bá yàtọ̀ láàárín ojú ìran kan náà, iṣẹ́ ọjọ́ kan lè bàjẹ́.

Nígbà tí fíìmù jáde, ìyá mi pe àwọn ará ilé, ó se ìrẹsì, ó ní kí wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. A wò ó, a wò ó. Wọ́n ti gé mi. Fíìmù gùn jù, ẹ̀ka ìtàn tí mo wà nínú rẹ̀ ni wọ́n yọ. Ohun tó kù kò ju ọwọ́ mi lọ, níbi tí mo ti ń gbé abọ́ omi kalẹ̀ níwájú ọkọ. Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Ìyá mi nàka sí i, ó ní, "Ọwọ́ ọmọ mi nìyẹn. Mo mọ òrùka yẹn." Mo dìde, mo ní mo fẹ́ lọ bu omi mu, kí wọ́n má baà rí ojú mi.

Wọ́n sanwó mi pé, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Àmọ́ láti ìgbà náà, mi ò kéde fíìmù mọ́ àfi tí mo bá fojú ara mi rí i. Eré orí ìtàgé ni mo máa ń kéde ṣáájú, torí tí mo bá ti jáde síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó lè gé mi.

Ẹ̀yin ńkọ́?

Bàbá kan, Ọ̀ṣogbo

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ọdún 1974 ni mo wọ ẹgbẹ́ eré, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí. Àwa tí a dàgbà ní Ọ̀ṣogbo lẹ́yìn tí Mbárí Mbáyọ̀, ilé eré àti iṣẹ́ ọnà ti Dúró Ládiípọ̀, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1962, kò ṣàjèjì sí wa pé kí àgbàlagbà máa fi eré jẹun.

Kò sí ìwé eré lọ́wọ́ wa. Ọ̀gá á sọ ìtàn, á pín ipò: "Ìwọ ni ìjòyè, ìwọ ni ẹrú." Ọ̀rọ̀ tí o máa sọ, ìwọ lo máa wá a. Tí o bá mọ òwe, ipò rẹ á gùn. Tí o ò bá mọ̀ ọ́n, wọ́n á sọ ọ́ di ẹ̀ṣọ́ tó dúró lẹ́yìn ọba. Lọ́sàn-án, a ó fi bọ́ọ̀sì polówó káàkiri ìlú. Lóru, kíláàsì ilé ìwé la máa ń sùn. A lọ Ṣakí, a lọ Ìgbẹ́tì, a dé Kétu àti Àjàṣẹ́ lọ́hùn-ún ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, wọ́n sì gbọ́ wa yékéyéké.

Alẹ́ ọjọ́ kan ní Ìsẹ́yìn ni mi ò lè gbàgbé. Jẹnẹrétọ̀ kú láàárín eré. Ọ̀gá ní kí ẹnikẹ́ni má kúrò lórí ìtàgé, a sì ń bá orin lọ nínú òkùnkùn. Kò pẹ́, àwọn obìnrin tó ń ta ẹ̀pà àti mọ́ínmọ́ín lẹ́nu ọ̀nà gbé àtùpà wọn wọlé, wọ́n ń tò ó sí ẹsẹ̀ ìtàgé lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi ọjà wọn sílẹ̀ nínú òkùnkùn kí àwa lè ríran. Iná wọn la fi ṣeré parí.

Nígbà tí sinimá dé, inú wa dùn, àwa gan-an la gbé e káàkiri. Àmọ́ nǹkan bí ẹni ogójì ló ń bá eré rìn tẹ́lẹ̀. Ẹni mẹ́ta ti tó láti gbé fíìmù àti ẹ̀rọ lọ sí ìlú, àwa tó kù sì ń jókòó sílé. Àwọn tó gbówó síta gan-an ò bọ́ níbẹ̀. Ọdún 1982 ni Bàbá Sàlá, aláwàdà, gbé fíìmù *Ọ̀run Móorù* jáde, àwọn olè dà á kọ sórí káṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹni tó pa gbogbo wa lẹ́rìn-ín! Ó ṣì ń dùn mí.

Ní tèmi lọ́dún yìí, fíìmù mẹ́ta ni. Ọba ni mí nínú méjì, babaláwo nínú ìkẹta. Aago méje àárọ̀ ni wọ́n máa ń ní kí n dé, ilẹ̀ lè ṣú kí wọ́n tó ya tèmi. Ilé ni mo ti máa ń gbé àga mi lọ. Àwọn ọmọ náà ń bọ̀wọ̀ fún mi, tí oríkì bá sì ṣì mọ́ òṣèré lẹ́nu, èmi ni wọ́n ń bi.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Èkó

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Àǹtí, ẹ kú ìfaradà. Ọdún méjì ni mo fi ṣe wákàpáàsì, ẹni tó kàn ń kọjá nínú eré láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tí mo máa wá rí eré orí ìtàgé tó fún mi lọ́rọ̀ lẹ́nu, oṣù kẹta ọdún 2020 ló bọ́ sí. Ìjọba sé Èkó mọ́lé, a ò ṣe eré náà mọ́.

Nísinsìnyí, fídíò ni wọ́n ń ní ká fi ránṣẹ́ kí wọ́n tó pè wá. Aago méjì òru ni mo máa ń ya tèmi, ìgbà yẹn ni jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé máa ń dákẹ́. Lọ́jọ́ kan, ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ ìyá rẹ̀ fún ni wọ́n ní kí n ṣe. Ìgbà kẹrin tí mo ń yà á, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ìyá tó ń gbé yàrá kejì ni, omijé ti wà lójú rẹ̀ kí n tó ṣí i. Ó ní, "Ta ló kú?" Mo ṣàlàyé, mo ń bẹ̀ ẹ́. Kò bínú. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì mi, ó ní, "Ó dáa, tún un ṣe kí n rí i." Mo tún un ṣe. Ó wá sọ fún mi pé nígbà tí wọ́n túfọ̀ ìyá tòun, òun ò kígbe rárá, ńṣe lòun ń wá bàtà òun kiri inú ilé. Mo fi wíwá bàtà yẹn sí i. Èyí ni mo fi ránṣẹ́.

Wọn ò pè mí fún ipò yẹn. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n pè mí fún òmíràn, fíìmù orí YouTube, ọ̀rọ̀ mi sì pọ̀ níbẹ̀. Ó jáde lóṣù tó kọjá. Ìyá yàrá kejì ti wò ó títí dátà rẹ̀ fi tán.

Òṣèrébìnrin kan, Ìbàdàn

Àbúrò mi, mo ka ti bàtà yẹn, mi ò lè jókòó mọ́.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè. Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀ leré wa bẹ̀rẹ̀. Ìyá ìyàwó ni mí, èmi ni mo ń kọ́ ọmọ ní ẹkún ìyàwó. Mo ti mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, àmọ́ ohùn rẹ̀ kò tíì bọ́ sí i, bí orin ṣọ́ọ̀ṣì ló ń rí létí mi. Ìyá mi ń bọ̀, ọmọ Ọ̀yọ́ sì ni wọ́n. Tí n bá ṣì í, wọ́n máa mọ̀.

Bàbá kan, Ọ̀ṣogbo

Torí pé o ń wá orin fún un ni. Ohùn ọ̀rọ̀ ẹnu ni kí o tẹ̀ lé. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti gòkè, bá a gòkè. Ibi tó bá ti sọ̀ kalẹ̀, fa ìparí rẹ̀ gùn, kí o jẹ́ kó gbọ̀n díẹ̀. Má da omijé sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà ń dúpẹ́ lọ́wọ́ òbí rẹ̀, ó ń tọrọ àdúrà, kó tó wá kan ẹ̀rù ilé ọkọ. Tí èémí bá fẹ́ tán, dúró, kí àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó gbè é.

Pè mí tí ilẹ̀ bá ṣú, màá gbé e lóhùn kí o gbọ́. Kí ọmọ tó ń ṣe ìyàwó náà wà lọ́dọ̀ rẹ, kí ẹ jọ gbọ́ ọ.